Ẹ Má Ṣe Pa Olùṣọ́ Lẹ́nu Mọ́: Ẹ̀kọ́ Lára Fíùsì Tí Ó Ń Jó Léraléra

  Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Kí ìyá tí kò ní ọkọ̀ má ṣe ṣí ojú ewé yìí kọjá o. Bí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ilé ni a ń bá bọ̀.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ní ọdún 2022, ìjọ wa ní agbègbè Lotto ní píkọ́ọ̀pù ògbólógbòó kan, Peugeot 504. Ẹni tí ó bá ti pẹ́ ní ilẹ̀ yìí mọ irú ọkọ̀ náà dáadáa. Ọdún 1968 ni 504 kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Faransé, ní 1975 sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Kaduna níhìn-ín. Tiwa yìí ni ó ń gbé àga, àtíbàbà, gbohùngbohùn àti jẹnẹrétọ̀ lọ sí òde ìjíhìnrere, láti Ibafo dé Mowe, títí wọ ọ̀nà Ọ̀fàdà. Arúgbó ni, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ Olúwa. Àwa tí a ń kọ abala yìí sì wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó o.

Ní alẹ́ Sátidé kan, a ń bọ̀ láti ọ̀nà Ọ̀fàdà, ẹrù kún ẹ̀yìn ọkọ̀ bámúbámú. Bí a ti bọ́ sí ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tírélà kan bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè lẹ́yìn wa kíkankíkan. Lójijì ni ó yà bàrá sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó kọjá lára wa, atẹ́gùn rẹ̀ sì mi ọkọ̀ wa jìgìjìgì. A bú awakọ̀ náà. A ní ó ti mutí yó. Ìgbà tí a dúró ní Lotto tí a sọ̀kalẹ̀ ni a tó rí i pé iná ẹ̀yìn wa méjèèjì ti kú. Òkùnkùn ni tírélà náà ń wò níwájú rẹ̀, kò rí wa títí ó fi dé ìdí wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní apá ibẹ̀ mọ ohun tí òru ojú ọ̀nà yẹn jẹ́, pàápàá ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí ọkọ̀ àwọn tí ń lọ sí Ìsìn Ẹ̀mí Mímọ́ ní Redemption City máa ń kún títí. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí a di ẹni tí a ń ròyìn.

Ní ọjọ́ Ajé, a gbé ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ rìwáyà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì. Ó wò ó, ó ní fíùsì iná ẹ̀yìn ti jó. Ó fi òmíràn sí i, iná tàn. A sanwó, a lọ. Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, fíùsì tún jó. A padà lọ bá a, ó tún yí i, iná tún tàn. Ó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó wò títí, ó ní òun kò rí nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni èyí ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù kan. Bí ọkọ̀ bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, ara rẹ̀ á le koko; bí a bá gbé e jáde fún iṣẹ́ Olúwa, iná á kú.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú wa, ìgbìmọ̀ jókòó. Ẹnìkan ní ọ̀tá iṣẹ́ Ọlọ́run ni ó ń bá wa jà, kí a gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. A gbà á, a sì gbàdúrà. A kò kábàámọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn ní ọmọ rìwáyà yẹn ni ó ń fi ọgbọ́n jẹ wá, pé òun ni ó ń ṣe wáyà náà lábòsí kí a lè máa padà wá. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí wa, a sì gbà á gbọ́ láìṣe ìwádìí kankan. A ránṣẹ́ sí ọmọ náà pé kí ó má fọwọ́ kan ọkọ̀ ìjọ mọ́. Ohun tí ó burú jù ni pé a sọ ìdí rẹ̀ létí àwọn ènìyàn, àwọn oníbàárà rẹ̀ mìíràn sì gbọ́.

OHUN TÍ Ó FẸ́RẸ̀Ẹ́ PA WÁ

Lẹ́yìn tí a lé rìwáyà lọ, awakọ̀ wa wá ọgbọ́n tirẹ̀ dá. Ó kọ́kọ́ wá ìwé fàdákà inú páálí sìgá, ó fi wé fíùsì tí ó ti jó, ó tì í padà sí àyè rẹ̀. Ẹ wo ohun tí à ń pè ní àjèjì ẹrù nínú ọkọ̀ ìjọ! Nígbà tí a ní kí ó yọ ọ́, ó lọ ra fíùsì ńlá, ti ámpíà 30, ó fi sí ibi tí ti ámpíà 10 yẹ kí ó wà. Ó ní, “Èyí kò ní jó mọ́ láéláé.” Àwa náà sì yọ̀.

Lóòótọ́ ni, fíùsì náà kò jó. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn èyí, a ń ti Ibafo bọ̀ lálẹ́. Àwọn ìyá mẹ́rin àti ọmọdé mélòó kan jókòó láàárín àga lẹ́yìn ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Kí a tó dé Mowe, òórùn rọ́bà tí ń jóná gba iwájú ọkọ̀. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Awakọ̀ yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó fò sílẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì fa orí bátìrì yọ. Àwọn ìyá gbé ọmọ fò sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Kò sí ẹni tí ó fara pa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, rọ́bà ara wáyà ti yọ́ bí àbẹ́là, ó ń kán sílẹ̀.

A dúró lẹ́bàá ọ̀nà yẹn, a sì ń wo kẹ́ẹ̀gì epo náà. Kò sí ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀.

KÍ NI IṢẸ́ FÍÙSÌ?

Bàbá àgbà kan wà nínú ìjọ wa tí ó ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ iná ọkọ̀. A kò pè é sí ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ọkọ̀ kò sí lára iṣẹ́ tí a yàn fún un. Nígbà tí a wá bá a, ó jókòó, ó fi fíùsì kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, olùṣọ́ nìyí. Ẹ ti ń pa olùṣọ́, ẹ kò wá olè.”

Ó ṣàlàyé fún wa pé okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó wà nínú fíùsì, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kí ó jẹ́ òun ni ó rọ jù nínú gbogbo ọ̀nà tí iná ń gbà. Bí iná tí ó ju agbára lọ bá ń kọjá, òun ni yóò kọ́kọ́ gbóná, tí yóò yọ́, tí yóò já, kí wáyà àti ọkọ̀ má baà jóná. Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Ní ọdún 1890, Thomas Edison gba ìwé àṣẹ lórí fíùsì ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n ń fa iná mànàmáná wọ ilé àwọn ènìyàn. Nítorí náà, fíùsì tí ó jó kò bàjẹ́ lásán. Ó kú kí ẹlòmíràn má baà kú. Iṣẹ́ tí a rán an ni ó jẹ́.

Bàbá wá bá wa ṣe ìṣirò. Bí a bá fi fóòtì pín wáàtì, ámpíà ni yóò jáde. Iná kékeré ẹ̀yìn méjì, wáàtì 5 ọ̀kọ̀ọ̀kan; ti iwájú méjì, wáàtì 5 ọ̀kọ̀ọ̀kan; ti nọ́ńbà ọkọ̀ ẹyọ kan, wáàtì 5. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wáàtì 25. Bí a bá fi fóòtì 12 bátìrì pín in, ó lé díẹ̀ ní ámpíà 2. Fíùsì ámpíà 10 lè gbé ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ láìmí kanlẹ̀. Bí ó bá wá ń jó, a jẹ́ pé kì í ṣe iná tí à ń tàn ni ó pọ̀ jù. Ibì kan wà tí wáyà ti bó, tí ó ń fara kan irin ọkọ̀. Nígbà tí ó bá kàn án, iná kò ní dé ọ̀dọ̀ gílóòbù mọ́, yóò gba ọ̀nà ẹ̀bùrú padà sí bátìrì. Bátìrì tí ó lágbára láti yí ẹ́ńjìnnì lè tú ohun tí ó ju ámpíà 100 lọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wo ni yóò gba ìyẹn? Bí fíùsì kò bá jó, wáyà ni yóò jó.

Ó tún kì wá nílọ̀ nípa àwọ̀ fíùsì. Nínú fíùsì pẹlẹbẹ tí ó wọ́pọ̀ lónìí, pupa ni ámpíà 10, búlúù ni 15, yẹ́lò ni 20, àwọ̀ ewé ni 30. Ṣùgbọ́n nínú fíùsì àtijọ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ń lò, yẹ́lò ni 5, funfun ni 8, pupa ni 16, búlúù sì ni 25. Ẹni tí ó bá fi àwọ̀ rà á lè ṣìnà. Nọ́ńbà tí a kọ sí ara rẹ̀ ni kí ẹ máa kà.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA TÍ BÀBÁ BÉÈRÈ

Bàbá kò tíì fọwọ́ kan ọkọ̀ nígbà tí ó béèrè ìbéèrè mẹ́ta lọ́wọ́ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìlà sí abẹ́ wọn, nítorí a ó padà sí wọn.

Èkínní: “Ìgbà wo ni ó máa ń jó?” A ronú, a ní alẹ́ ni, nígbà tí a bá tan iná.

Èkejì: “Ẹrù wo ni ó wà lórí rẹ̀ nígbà náà?” A wo ara wa lójú. Nígbàkígbà tí ó bá jó, ọkọ̀ ti kún fún àga àti jẹnẹrétọ̀. Nígbàkígbà tí a bá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, òfìfo ni. Abájọ tí ọmọ rìwáyà kò fi rí nǹkan kan!

Ẹ̀kẹta: “Kí ni ẹ ṣe sí ọkọ̀ yìí kí ó tó bẹ̀rẹ̀?” A ní a kò ṣe nǹkan kan. Bàbá tún un béèrè. Ìgbà náà ni ẹnìkan rántí pé a ní kí wẹ́dà bá wa de irin sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kí àga má baà máa yọ́ dànù. Ìgbà wo ni ìyẹn? Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tí iná kọ́kọ́ kú.

BÍ A TI WÁ ÌDÍ RẸ̀

A kọ ìgbésẹ̀ náà síhìn-ín kí ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ lè fi ṣe ìrànwọ́, tàbí kí ẹ lè mọ ohun tí rìwáyà yín ń ṣe.

Lákọ̀ọ́kọ́, Bàbá kò fi fíùsì sí i mọ́. Ó mú gílóòbù iná búréèkì, ti wáàtì 21, ó so wáyà méjì mọ́ ọn, ó sì fi orí wáyà méjèèjì sí ẹnu ibi tí fíùsì máa ń wà. Gílóòbù yìí kò ní jẹ́ kí iná tí ó tó ámpíà 2 pàápàá kọjá, nítorí náà kò sí ohun tí yóò jóná. Bí wáyà bá ń kan irin níbì kan, gílóòbù yóò tàn rokoṣo. Bí kò bá kàn án mọ́, yóò kú. Bẹ́ẹ̀ ni ó fi owó fíùsì pamọ́ fún wa, tí ó sì rí ẹlẹ́rìí tí kò ní purọ́.

Lẹ́yìn náà, ó yọ gbogbo gílóòbù kéékèèké tí ó wà ní ọ̀nà iná náà, kí ó má baà jẹ́ pé àwọn ni wọ́n ń mú kí ti ìdánwò tàn. Ó tan ṣíwíìṣì. Gílóòbù ìdánwò kò tàn. Ọkọ̀ wà ní òfìfo.

Bàbá ní kí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ mẹ́jọ gun ẹ̀yìn ọkọ̀, kí wọ́n máa fò. Wọ́n rò pé ó ń ṣeré ni. Wọ́n gùn ún, wọ́n fò lẹ́ẹ̀kan, gílóòbù náà sì tàn yanran. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, ó kú. Wọ́n tún gùn ún, ó tún tàn. Ariwo “Halelúyà” sọ. Oṣù kan gbáko ni a fi ń wá nǹkan yìí, ẹrù ni ó tú àṣírí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan.

Ó wá ń pín ọ̀nà náà sí wẹ́wẹ́. Ó tú ibi tí wáyà iwájú ti pàdé ti ẹ̀yìn. Àwọn ọ̀dọ́ fò, gílóòbù kò tàn mọ́. A jẹ́ pé iwájú mọ́, ẹ̀yìn ni ẹjọ́ wà. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ti sọ̀kalẹ̀, tí a ti yọ orí bátìrì, tí a sì ti fi òkúta dí táyà, a wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró o.

Ibẹ̀ ni a ti rí i. Ọ̀kan nínú àwọn bóòtù tí a fi de irin ẹ̀gbẹ́ gùn jù. Ó gba inú pákó irin ilẹ̀ ọkọ̀ yọ sí ìsàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì dojú kọ ìdì wáyà tí ó lọ sí iná ẹ̀yìn. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, àlàfo wà láàárín wọn. Bí ẹrù bá wọ̀ ọ́, ilẹ̀ ọkọ̀ á tẹ̀, bóòtù á gún wáyà. Ọ̀nà Ọ̀fàdà pẹ̀lú kòtò rẹ̀ sì parí ìyókù.

Kì í ṣe ọ̀tá. Kì í ṣe ọmọ rìwáyà. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe wẹ́dà, nítorí àwa ni a ra bóòtù gígùn náà fún un, tí a sì ń kán an lójú pé kí ó yára. Àfọwọ́fà wa ni. Àwọn àgbà ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ni ó wà.

Bàbá gé ibi tí ó bó kúrò, ó so ó pọ̀ dáadáa, ó fi téèpù dúdú wé e, ó sì fi rọ́bà híhò bo gbogbo ibẹ̀. Ó gé bóòtù kúrú, ó sún ìdì wáyà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì dè é mọ́lẹ̀. Ó pààrọ̀ gbogbo wáyà tí ó yọ́ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó wá fi fíùsì ámpíà 10 sí àyè rẹ̀. Títí a fi ta ọkọ̀ náà, fíùsì yẹn kò jó mọ́.

Kì í ṣe gbogbo fíùsì tí ń jó ni ti bóòtù o. Bí fíùsì bá jó lójú ẹsẹ̀ tí ẹ tan nǹkan, tí inú rẹ̀ sì dú, ó sábà máa ń jẹ́ pé wáyà ń kan irin. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀ kí ó tó jó, tí ó kàn yọ́ láàárín, ó lè jẹ́ pé ẹrù iná ni ó pọ̀ jù, bí ìgbà tí wáípà há, tàbí tí a so gbohùngbohùn ńlá mọ́ ọ̀nà iná kékeré. Ẹ tún wo ojú ilé gílóòbù tí omi òjò ti wọ̀, àti ibi tí wáyà gba ojú ihò irin kọjá láìsí rọ́bà. Ẹ má sì ṣe fi iná ẹ̀yìn ṣeré. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988 lè mú yín nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n owó ìtanràn kéré sí ohun tí tírélà lè ṣe.

ỌLỌ́RUN NÍ KÍ JÓṢÚÀ DÌDE

Nígbà tí a padà délé lọ́jọ́ náà, ìwé Jóṣúà orí 7 ni ó wá sí wa lọ́kàn. Wọ́n ti ṣẹ́gun Jẹ́ríkò, wọ́n wá sá níwájú ìlú kékeré Áì, ènìyàn bí 36 sì kú. Jóṣúà fa aṣọ rẹ̀ ya, ó dojú bolẹ̀ níwájú àpótí ẹ̀rí títí di àṣálẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Olúwa sọ fún un: pé kí ó dìde, kí ni ó ń dojú bolẹ̀ fún? Ohun kan wà nínú ibùdó tí ó yẹ kí wọ́n wá rí.

Ẹ sì wo bí wọ́n ti wá a. Ẹ̀yà ní ẹ̀yà, ìdílé ní ìdílé, ilé ní ilé, ènìyàn kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yà Júdà, ìdílé Sérà, ilé Sábídì, títí ó fi kan Ákánì, tí ohun tí ó jí wà lábẹ́ ilẹ̀ inú àgọ́ rẹ̀. Bí Bàbá ti pín wáyà wa sí wẹ́wẹ́ gan-an nìyẹn. Ará, àdúrà kò dí ìwádìí lọ́wọ́. Ọlọ́run tí a ń gbàdúrà sí náà ni ó ní kí a dìde kí a wò ó.

FÍÙSÌ INÚ ILÉ YÍN

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a wọ inú ilé. Gbogbo ìdílé ni ó ní fíùsì. Nínú ilé mìíràn, ìyàwó ni, tí ó kàn máa ń sunkún láìsí ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe fún un. Nínú òmíràn, bàbá ni, tí ó máa ń jó bí iná ọyẹ́ nígbà tí oṣù bá ti ń parí. Nínú òmíràn, ọmọ ni: ó ti ń tọ̀ sílé tẹ́lẹ̀, ó ti fi í sílẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀, tàbí ó mọ ìwé, ó wá ń kùnà.

Kí ni àwa máa ń ṣe? A máa ń fi fíùsì ńlá sí i. Ọkọ a ra aṣọ fún ìyàwó kí ó lè dákẹ́. Ìyá a na ọmọ, tàbí a kó o lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà. A ó ní, “Pa ẹnu rẹ mọ́, ṣé ìwọ nìkan ni ó ń ṣe?” Ilé á wá dákẹ́ rọ́rọ́, a ó sì máa yin Ọlọ́run pé àlàáfíà ti dé, nígbà tí wáyà ń yọ́ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ̀yin ará, ilé tí ó dákẹ́ kì í ṣe ilé tí ó sàn nígbà gbogbo. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá.

Ẹ jẹ́ kí ọkọ àti aya jókòó nírọ̀lẹ́ kan, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n sì béèrè ìbéèrè mẹ́ta tí Bàbá béèrè. Ìgbà wo ni ó máa ń ṣẹlẹ̀? Ẹrù wo ni ó wà lórí onítọ̀hún nígbà náà? Kí ni ó yí padà nínú ilé yìí kí ó tó bẹ̀rẹ̀? Ó lè jẹ́ owó àjẹmọ́nú tí bàbá yá láìsọ. Ó lè jẹ́ ìbátan tí ó wá gbé pẹ̀lú yín, tí ọmọ ń bẹ̀rù láti sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Ẹ má ṣe wò ó ní ọjọ́ Àìkú nìkan, tí gbogbo wa wọ aṣọ funfun, tí kò sí ẹrù lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ wò ó nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Ẹ sì ṣe é wẹ́wẹ́, ẹ má ṣe da ẹ̀bi gbogbo ilé lé ẹnìkan lórí.

Ohun kan ṣì kù. Nígbà tí a rí bóòtù yẹn, a rántí ọmọ rìwáyà. Jésù Olúwa wa kọ́ wa nínú Mátíù 5:23 àti 24 pé bí a bá rántí pé arákùnrin wa ní ohun kan sí wa, kí a fi ọrẹ wa sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí a kọ́kọ́ lọ bá a làjà. A lọ, àwa mẹ́ta. A bá a lábẹ́ igi tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Oníbàárà kò sí níbẹ̀. A ní, “Arákùnrin, a ṣẹ̀ ọ́. A pè ọ́ ní olè, àwa ni a gún wáyà ara wa.” Ó dákẹ́ pẹ́. Nígbà tí ó máa sọ̀rọ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun, sà. Ẹ bá mi sọ fún àwọn tí ẹ sọ ti àkọ́kọ́ fún.” Ọ̀rọ̀ náà gún wa lọ́kàn, nítorí òótọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ní láti dìde nínú ìsìn kí a tó sọ ọ́ tán, nítorí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó wá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. A kò mọ iye oníbàárà tí ó padà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí a tú síta kò rọrùn láti kó jọ.

Ẹnìkan ha wà tí ẹ ti lé kúrò nílé, ọmọ ọ̀dọ̀ ni o, àna ni o, alábàágbé ni o, nítorí ohun tí bóòtù yín fúnra yín ṣe? Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró.

Ẹ JẸ́ KÍ A GBÀDÚRÀ

Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run, a dúpẹ́ fún òru tí ìwọ pa wá mọ́ nígbà tí àwa kò mọ̀. Fún wa ní ọkàn tí yóò gbọ́ olùṣọ́ kí iná tó dé. Fi ohun tí a fi ọwọ́ ara wa gún hàn wá, kí o sì fún wa ní ìrẹ̀lẹ̀ láti lọ bẹ ẹni tí a ṣẹ̀. Pa àwọn awakọ̀ wa àti ìdílé wa mọ́ lójú ọ̀nà. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

A ó tún pàdé nínú ìwé wa tí ń bọ̀, bí Jésù bá fa bíbọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹni tí ó ní ọkọ̀, kí ó lọ wo iná ẹ̀yìn rẹ̀.